Ọjọ́ Tí Mo Rán Aṣojú

Fún ọdún mẹ́rin gbáko, mi ò fọwọ́ ara mi gbé kẹ́tùlù àlùwàlá. Kí n tó nawọ́, ẹni mẹ́ta ti dìde. Ẹni kan á gbé omi, ẹni kan á di bàtà mi mú, ẹni kẹta tí kò rí nǹkan kan dì mú á máa fi etí agbádá rẹ̀ nu àga tí kò ní eruku. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ahunṣọ ni mí, pé ọwọ́ mi kò rọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Ọnọrébù fẹ́ràn àwàdà. Ní báyìí, èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń gbé kẹ́tùlù, èmi náà ni mò ń ti géètì. Ẹni tó bá rí mi láàárọ̀ nínú àgbàlá mi, tí àga oníke tò lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á rò pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ilé ńlá yìí ni.

Mi ò jókòó kọ èyí láti sunkún ipò. Wọ́n gbé e fún mi, wọ́n sì gbà á, kò sí ohun tó ṣe tuntun níbẹ̀. Àwọn èrò tó kún pálọ̀ mi nígbà náà, nǹkan ni wọ́n wá gbà, wọ́n gbà á, wọ́n lọ. Kí Ọlọ́run máa bá wọn lọ. Ẹni kan ṣoṣo ni àìsí rẹ̀ ń dùn mí. Kò kú, kò sì rìnrìn àjò. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí tèmi.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, agboolé kan náà, ọdún kan náà. Ìyá mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí ló wò mí dàgbà. Kò pariwo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ń bu ẹ̀kọ fún ọmọ rẹ̀, á bu tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá na ọmọ rẹ̀, á na èmi náà, bí mi ò tilẹ̀ ṣẹ̀, ó ní kí n má baà rò pé àlejò ni mí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ òkè, òun ló ń ká òwú fún wa. Òfì ọ̀rẹ́ mi àti tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì, ogún ọdún ó lé la sì fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ kì í wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, òwú ló ń wò. Ọ̀rẹ́ mi tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohùn mi ju ojú mi lọ. Bí mo bá ti ju ọ̀kọ̀ sáàárín òwú lẹ́ẹ̀mejì, á ti mọ̀ bóyá èmi àti ìyàwó mi jà kí n tó jáde nílé.

Òun náà ló kọ́kọ́ ní kí n díje. Owó òwú ti gun òkè, àwa ahunṣọ lọ bá àwọn aláṣẹ ṣèpàdé, mo sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn dákẹ́. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní ẹnu mi dùn, pé àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn kò mọ̀ ọ́n sọ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a sọ fún Ìyá, ó bèèrè iṣẹ́ tí aṣòfin ń ṣe. Mo ní òfin ni a máa ń ṣe. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ tí kì í gbọ́ràn?"

A rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀rẹ́ mi di ògiri mú. Òun ló gbé mi lórí ọ̀kadà kiri àwọn abúlé tí mọ́tò kò lè wọ̀, láti ẹ̀yìn Adó-Àwáyè títí dé ibi tí àwọn ará oko ti ń bi wá bóyá olùkọ́ tuntun ni wá. Mo wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún mi, òun àti Ìyá ló jókòó sí ìlà kejì, aṣọ tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló sì wà lọ́rùn mi.

Àwọn èèyàn rò pé ariwo ló wà nílé aṣòfin. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí a bá jókòó, a ń lu tábìlì, a ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù á wọ mọ́tò rẹ̀. Ilé tí mo gbà ní Ìbàdàn ní yàrá mẹ́rin, mẹ́ta nínú wọn kò sì mọ ohùn mi. Mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n kí n lè gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Fóònù mi kò sinmi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè mí láti bi mí ohun tí mo jẹ. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló máa ń bèèrè. Á pè, á ní, "Kín lo jẹ?" Bí mo bá ní ìrẹsì, á ní, "O ti bàjẹ́ nìyẹn."

Nígbà tó yá, mi ò tètè gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìgbéraga, tàbí ó jẹ́ ìgbéraga tí mi ò mọ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo lè ní ìsọmọlórúkọ mẹ́ta, ìgbéyàwó méjì, àdúà fídáù mẹ́rin, onínàáwó kọ̀ọ̀kan á sì ní tí Ọnọrébù kò bá dé, ojú ti òun. Ẹnì kan kò lè dé gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo wa ṣe ń rán aṣojú. Tèmi jẹ́ tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ wúwo, agbádá rẹ̀ kì í rún. Ó mọ bí a ti í fa ojú ro níbi òkú, ó mọ bí a ti í tú u ká níbi ìgbéyàwó. Á gba gbohùngbohùn, á ní Ọnọrébù ìbá fẹ́ wà níbí, iṣẹ́ ìlú ló dá wọn dúró. Inú àwọn èèyàn á dùn. Ó dé ibì kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ṣe èmi ju bí èmi fúnra mi ṣe lè ṣe é lọ.

Odò kan wà lójú ọ̀nà oko tí igi ọ̀pẹ méjì jẹ́ afárá rẹ̀. Òjò kì í rọ̀ kí ó má gbé ẹrù ẹnì kan lọ. Mo ti ṣèlérí afárá yẹn nígbà ìpolongo. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti gbé àbá rẹ̀ síwájú ilé aṣòfin, mo dúró títí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi sínú ohun tí a máa jíròrò. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi í sí gan-an, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà láti ìrun Àsùbáà ni, fóònù dún. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní, "Ìyá ti lọ."

Mi ò rántí ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Mo ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi mí bóyá mò ń bọ̀. Mo ní, "Mò ń bọ̀." Òótọ́ inú mi ni mo sọ. Mo ti wọ bàtà, mo ti ní kí awakọ̀ gbé mọ́tò jáde.

Lórí ìrìn ni ẹlẹgbẹ́ mi kan pè láti ilé aṣòfin. Ó ní àbá mi ni yóò ṣíwájú lónìí, pé bí mi ò bá sí níbẹ̀ láti gbé e kalẹ̀, wọ́n á tì í sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí yóò tún padà yọjú. Mo ní kí awakọ̀ dúró. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà lórí. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tán, wọ́n á ti máa gbẹ́lẹ̀; aago mẹ́wàá, ó pẹ́ tán ọ̀sán, wọ́n á ti bo ilẹ̀. Bí mo bá kọ́kọ́ yà sí ilé aṣòfin, kí n tó dé Ìsẹ́yìn, ọwọ́ ni wọ́n á máa fọ̀. Kín ni mo wá fẹ́ sáré lọ wò? Ó sàn kí n bá àwọn alààyè gba afárá, kí n sì lọ jókòó dáadáa lọ́jọ́ fídáù. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ó sì dà bí ọgbọ́n lójú mi. Mo pe ọ̀rẹ́ mi láti sọ fún un, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Mo ní ó pa á kó lè gbẹ́lẹ̀ ni.

Mo ní kí tíṣà ṣojú mi. Mo ní kí ó gbé mọ́tò mi gan-an lọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ibi tí mo ti wá ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti kọ ni pé mi ò jẹ́ kí ó lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kí ó dúró ná, kí ilé fọwọ́ sí àbá náà, kí ó lè mú ẹ̀dà rẹ̀ dání. Èrò máa pọ̀ nílé Ìyá, àgbààgbà á wà níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ìròyìn ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n lu tábìlì fún mi. Tíṣà gba ìwé, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Igi ọ̀pẹ méjì yẹn ṣì ni afárá odò náà títí di òní.

Nígbà tí tíṣà dé, ó ní gbogbo rẹ̀ lọ geere, wọ́n dúpẹ́ gan-an. Mo bi í nípa ọ̀rẹ́ mi, ó ní ó kí mi. Mo lọ síbi fídáù. Mọ́tò mẹ́ta ni wá, wọ́n fi mí sí orí tábìlì gíga láàárín àwọn ààfáà, mo sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn, mo pe Ìyá ní ìyá mi, èrò sì mi orí. Ọ̀rẹ́ mi wá síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹgbẹ́ mi, ọmọ ọdún kan náà. Mo sáré gbé e dìde, mo ní kín lèyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ṣé o, Ọnọrébù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo padà sí Ìbàdàn, mo rò pé ó fẹ́ fi hàn wọ́n bí mo ṣe tó ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kò pè láti bèèrè ohun tí mo jẹ mọ́. Bí mo bá pè é, á dáhùn, á ṣàdúà fún mi bí ẹni tó ń ṣàdúà fún gómìnà. Mo ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tó di ọdún kejì, ọmọbìnrin mi ṣègbéyàwó. Mo fi àga kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó níbẹ̀, alága ẹgbẹ́ wa gan-an fẹ́ jókòó, mo ní ó ní ẹni tó ni ín. Nígbà tí alága ìdúró ń ka orúkọ àwọn tó wá, àbúrò ọ̀rẹ́ mi dìde láàárín èrò, ó gba gbohùngbohùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ìbá fẹ́ wà níbí, iṣẹ́ ló dá wọn dúró, wọ́n sì ní kí òun ṣojú wọn.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni ara mi tutù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìbínú ló kù. Mo ní ó ń jowú mi. Mo ní ṣé tìtorí pé mi ò dé ibi ìsìnkú kan ni, ta ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ ìlú ló fà á? Mo sọ fún ìyàwó mi pé bí ó bá ń wá mi, ó mọ ilé mi. Ọdún méjì ni mo fi gbé ìbínú yẹn rù, mo ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni mo fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí sáà mi parí, mo padà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n gba ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ lé mi, fóònù mi dákẹ́. Tíṣà ń ṣojú ẹlòmíràn báyìí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan ní Òkèhò, ó ṣì dára. Ìyàwó mi lọ bá ọmọ wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Ìlọrin, ó ní òun á pẹ́ díẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ṣì ń fi àyè mi sílẹ̀ ní ìlà iwájú. Bí a bá kírun tán, wọ́n á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì kóra jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò láti máa tàkúrọ̀sọ. Bí mo bá súnmọ́ wọn, wọ́n á dìde fún mi, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń bu ọlá fún un. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ń gbọ́ ohùn ara mi kìkì nígbà tí mo bá ń kírun.

Mo fẹ́ ọ̀rẹ́ mi padà. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí pé kín lo jẹ.

Mo ronú àwọn àgbààgbà tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá olórí agboolé wa, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin, mo ní kí ó mú ẹni méjì dání, kí wọ́n bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Baba wò mí, ó bi mí pé, "O tún fẹ́ rán wa?" Ó ní, "Ẹsẹ̀ tìrẹ ńkọ́?"

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Bí mo ṣe yọ sí abà iwájú ilé rẹ̀ tí wọ́n ti ń hunṣọ, àwọn ahunṣọ tó kù dìde, wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ra omi tútù wá. Òfì ẹlòmíràn ti wà níbi tèmi. Wọ́n kí mi tán, wọ́n wá ṣe bí ẹni tó níṣẹ́ níbòmíràn, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku èmi àti òun. Ó ti hewú. Ó ń hunṣọ, kò dúró.

Ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó mi, àwọn ọmọ, ọmọ-ọmọ tuntun. Ó gbàdúà fún gbogbo wọn. Mo ní, "Kín ni mo ṣe fún ẹ?"

Ó ní, "Ẹ è ṣe nǹkan kan, Ọnọrébù."

Mo ní mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òwú ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"O sọ fún mi pé ò ń bọ̀."

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti àbá, ti ìpè tó wọlé lójú ọ̀nà, ti fóònù rẹ̀ tí kò wọlé. Mo ní, "Mo rò pé ẹ ti sin Ìyá kí n tó dé ni. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mo ní kí wọ́n dúró dè ẹ́. Àwọn ààfáà bínú sí mi, wọ́n ní kò tọ́, wọ́n ní ta ni mò ń dúró dè? Mo ní ọmọ wọn ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n pè ọ́, fóònù mi ti kú láti àárọ̀, kò síná. Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ pè é fún, ó ti ní òun ń bọ̀. A kírun ọ̀sán, a kírun Làásárì. Ìyá wà nílẹ̀ nínú ooru yẹn, àwọn obìnrin ń fẹ́ wọn. Nígbà tí mọ́tò rẹ yọ, gbogbo wa dìde. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, mo fi apá orí sílẹ̀ fún ẹ, kí a jọ gbà wọ́n. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní mọ́tò bèèrè gbohùngbohùn. Ó ka ìwé afárá fún wa."

Tíṣà kò sọ èyí fún mi. Bóyá kò yé e. Bóyá ó yé e. Mo sunkún níbẹ̀, èmi àgbàlagbà, láìbo ojú. Ó jẹ́ kí n sunkún. Kò fọwọ́ kàn mí, kò sì ní kí n dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní òun ti fi jì mí tipẹ́, pé Ìyá kò ní fẹ́ kí òun gbé e sínú. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó fi jì mí, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín wa tẹ́lẹ̀ kò sí nínú ohun tó fún mi padà. Ó tún mú ọ̀kọ̀. Ó ní, "Ẹ lọ kí Ìyá lẹ́yìnkùlé."

Mo lọ. Sàréè méjì wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi sìmẹ́ńtì bo méjèèjì, kò sí àkọlé lára wọn. Wọ́n sá iṣu èlùbọ́ sórí ọ̀kan, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Èkejì mọ́, wọ́n gbá a. Mo dúró níwájú èyí tó mọ́, mo bọ́ bàtà, mo tẹ́wọ́. Mo ṣàdúà pẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún wọ̀nyí, mo pè é ní ìyá mi, mo tọrọ àforíjì, omi ojú mi ń kán sórí sìmẹ́ńtì.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi jáde láti ilé ìdáná, ó fẹ́ yí iṣu rẹ̀ padà sí oòrùn. Ó wo ibi tí mo dúró sí, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Àbúrò bàbá ọkọ mi nìyẹn. Ìyá ni mo sá èlùbọ́ sí lórí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kó iṣu náà sínú agbọ̀n. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo yí padà, mo sì tún Fátíhà bẹ̀rẹ̀.